Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ Kò Jìn

Láràárọ̀ tí Sọ̀fíyàt bá gba iwájú gáréèjì Ìkòròdú kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ, á gbọ́ tí àwọn akérò ń pè: "Ìtòíkìn! Ẹ̀pẹ́! Ẹ̀pẹ́ ń lọ, ó ku ẹnì kan!" Á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á tẹsẹ̀ mọ́rìn. Bí ọkọ̀ bá tètè kún, tí ojú ọ̀nà sì já gaara, kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ láti ibẹ̀ dé ìlú tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti wọ inú ilé bàbá rẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kúrò nílé. Bàbá rẹ̀, Àáfà Salman, ti fi í fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ní ìyàwó méjì. Ọdún yẹn gan-an ni káfíńtà kan wá láti Ìkirè, tó ń kan òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá ilé wọn. Oyèdèjì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò sì ní ohun ìní kan ju àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Sọ̀fíyàt bá a lọ. Bàbá rẹ̀ pe gbogbo ilé jọ, ó ní Sọ̀fíyàt kò gbọdọ̀ tún fi ẹsẹ̀ tẹ inú ilé òun mọ́, ẹni tó bá sì pe orúkọ rẹ̀ létí òun, kí onítọ̀hún máa bá a lọ.

Nígbà tó bí Jọláolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ìyá rẹ̀ fi ẹja gbígbẹ rán obìnrin ẹlẹ́ja kan tó ń bọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú. Iṣẹ́ tó fi tẹ̀lé e kò gùn: "Ẹ ní mo gbọ́ pé ó bí obìnrin. Kó má wá o. Kó máa jẹun dáadáa." Ẹlẹ́ja náà kò tún wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, Sọ̀fíyàt kò sì tún gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Àáfà Salman kú. Ọjọ́ kẹjọ òkú ni Sọ̀fíyàt tó gbọ́. Ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì bá Kabir, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, lẹ́nu ọ̀nà. Kabir kò pariwo, kò bú u. Ó ní, "Bàbá kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà kí wọ́n tó kú. Wọ́n mú mi búra. Jọ̀ọ́, padà." Ìyá wọn wà ní ìyẹ̀wù nígbà náà, ó ń ṣe opó. Sọ̀fíyàt padà sínú ọkọ̀.

Ayálégbé ni òun àti ọkọ rẹ̀ ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti lò nínú ilé kan náà, síbẹ̀ àwọn onílé ṣì ń pè wọ́n ní àlejò. Bí wọ́n bá ń ṣèpàdé àdúgbò, ìta ni ayálégbé ń dúró sí, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà kí wọ́n dúró. Lọ́dún tó kọjá, àgbàrá òjò gbé pákó tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń sọdá gọ́tà lọ. Ìpàdé mẹ́ta ni àwọn onílé ṣe lórí pákó náà, ẹnu wọn ò kò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Sọ̀fíyàt rí ọmọbìnrin kékeré kan tó jìn sínú gọ́tà náà dé àyà. Ó fà á jáde, ó bá a fọ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó ń bi wọ́n ni pé, "Kí lẹ ní nílé tí a lè fi ṣe afárá?" Ẹnì kan ní ìṣó, ẹnì kan ní irin tó ti ń dípẹtà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, alákàrà kan ní òun á bọ́ àwọn tó bá ṣiṣẹ́. Oyèdèjì, tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó dúró pẹ́ mọ́, jókòó sórí àpótí, ó ń kan pákó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ti ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ afárá yìí ló dé etí Ìbídùnní. Obìnrin bí ẹni ọdún márùndínlógójì ni, òun ló ń darí ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ará àdúgbò ní bí wọ́n ṣe lè di aṣáájú láàárín ara wọn. Ó wá bá Sọ̀fíyàt ní ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ogún èèyàn la fẹ́ kọ́. Mẹ́wàá láti ìhà Ìkòròdú, mẹ́wàá láti ìhà Ẹ̀pẹ́. Sátidé mẹ́fà ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Ayálégbé ni mí o. Mi ò ní oyè, mi ò ní ilé."

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn, mà. Àwọn tó ní oyè ti pọ̀."

Gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wá jẹ́ oríṣiríṣi: olùkọ́, vọkanáísà, obìnrin tó ń lọ ata, àti bàbá kan láti Ìjẹ̀dẹ́ tó ń jẹ́ Fáṣínà. Ọgbọ̀n ọdún ni Fáṣínà fi wa ọkọ̀ ojú omi kó tó fẹ̀yìn tì. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti bá ohùn rẹ̀ jẹ́, bó bá ń kí èèyàn, ńṣe ló dà bíi pé ó ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì ọ̀sà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ló le jù fún un: kí èèyàn méjì jókòó, kí ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí èkejì má já a lẹ́nu, lẹ́yìn náà kí ó tún ohun tó gbọ́ sọ.

Sọ̀fíyàt ni wọ́n pín in mọ́. Fáṣínà bi í pé, "Ìyá Jọlá, níbo nílé?"

"Lásùnwọ̀n."

"Kó o tó dé Lásùnwọ̀n ńkọ́?"

Sọ̀fíyàt la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Fáṣínà ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó pa ẹnu mọ́, ó ń dúró. Àsìkò pé, Ìbídùnní sì ní kí Fáṣínà sọ ohun tó gbọ́.

Bàbá náà dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ohun tí mo gbọ́ ni pé mo bi í léèrè ilé, kò sì lè dáhùn. Mi ò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ yẹn pọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Fáṣínà ti máa ń wá àga sí ẹ̀gbẹ́ Sọ̀fíyàt.

Ẹ̀kọ́ náà wọ Sọ̀fíyàt lára. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣèpàdé tí ẹnu ẹnì kan kò fi ní bo ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀, tí a ó fi bá a rìn títí wọ́n á fi dá wa lóhùn. Wọ́n ní kí wọ́n máa wo ohun tí àdúgbò ní kí wọ́n tó ka ohun tí kò ní. Bó bá délé, á máa ròyìn fún Oyèdèjì, ojú rẹ̀ á máa dán. Ní Sátidé kẹta ni Ìbídùnní wá sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkòròdú ti parí. Sátidé mẹ́ta tó kù, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa lọ, kí wọ́n lọ máa rìn láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn ará ibẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sọ̀fíyàt gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, kò bu tirẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́," ó ní.

Oyèdèjì gbé ife omi sílẹ̀. "Torí Ẹ̀pẹ́?"

"Torí Ẹ̀pẹ́ ni."

"Ìyá Jọlá, èmi ni mo mú ọ kúrò níbẹ̀. Tí a bá jọ ń kọjá ní gáréèjì, tí wọ́n bá ń pe Ẹ̀pẹ́, tí o bá yíjú, mo máa ń rí ọ. Mi ò kàn mọ ohun tí mo lè sọ ni."

"Mi ò kábàámọ̀ pé mo tẹ̀lé ọ. Kí Ọlọ́run gbọ́ o."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè má kábàámọ̀, kí àárò ilé ṣì máa sọ ọ́. Ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún, ọ̀tọ̀ ni tibí." Ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ń fi ọwọ́ ra á. "Lọ. Kì í ṣe ilé lo ń lọ, iṣẹ́ lo ń lọ. Kò sẹ́ni tó lè ní kí o má ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́."

Ó lọ. Bí ọkọ̀ ṣe kọjá Ìtòíkìn, tí igi ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú. Sátidé àkọ́kọ́ níbẹ̀, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n wà, ó sì jókòó sẹ́yìn pátápátá. Sátidé kejì ni Ìbídùnní pín òpópónà fún wọn, èèyàn méjì-méjì. Ó na ìwé sí Fáṣínà àti Sọ̀fíyàt. Sọ̀fíyàt ka orúkọ òpópónà náà, ó tún un kà. Etí omi ni, níbi tí àwọn ọkọ̀ apẹja ti ń gúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé Àáfà Salman wà.

Fáṣínà rí i pé kò gbé ojú kúrò lára ìwé náà. "Ṣé kí n bá wọn pààrọ̀ ẹ̀?"

"Ẹ má pààrọ̀ ẹ̀, bàbá," Sọ̀fíyàt dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n kọ́ wọn láti bi olúkúlùkù. Kí lẹ fẹ́ràn ní àdúgbò yìí? Kí ló ń yọ yín lẹ́nu? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta lẹ máa ń sáré tọ̀ lọ?

Ilé àkọ́kọ́, bàbá arúgbó kan ló ń tún àwọ̀n ṣe níta. Ó ní ẹja ti ń jìnnà sí etí omi báyìí, ó ní àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà gòkè láti inú ọkọ̀ ti fọ́, obìnrin méjì ti ṣubú níbẹ̀ tòun tẹja lọ́dún yìí. Nígbà tí Fáṣínà bi í léèrè ẹni tó ń sáré tọ̀ lọ, kò tilẹ̀ rò ó.

"Lateefat ni."

"Ta ní ń jẹ́ Lateefat, bàbá?"

"Ọmọ Àáfà Salman, olóògbé. Àbígbẹ̀yìn wọn. Ẹ ó rí ilé wọn níwájú, èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé yẹn."

Bírò dúró lọ́wọ́ Sọ̀fíyàt. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Lateefat nígbà tó kúrò nílé. Òun ló ń pọ̀n ọ́n, òun ló ń di irun rẹ̀, orí itan rẹ̀ ló sì ti ń sùn lọ́sàn-án ọjọ́ tó lọ. Ó rọra gbé orí ọmọ náà lé ẹní, kò jí i.

Ní ilé kejì, ìyàwó ilé kan tó gbé ọmọ ọwọ́ sọ fún wọn pé nígbà tí òun ń rọbí lọ́wọ́ òjò, tí kò sí ọkọ̀ tó gbà láti dúró, Lateefat ló bọ́ sáàárín títì, tó na ọwọ́ méjèèjì, tó ní kí wọ́n wá gba orí òun kọjá. Ní ilé kẹta, àwọn ìyàwó ọkùnrin kan náà méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa já ara wọn lẹ́nu. Wọ́n ní Lateefat ló kọ ìwé tí wọ́n fi tún ẹ̀rọ omi àdúgbò ṣe. Wọ́n ní òun ló ń bá wọn parí ìjà. "Ẹnu rẹ̀ ò dùn o," ìyálé sọ, "kì í pọ́n èèyàn lé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Bó o bá pè é, ó ti dé."

Sọ̀fíyàt ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé láti ẹnu àwọn tí kò dá a mọ̀, bí ẹni tó ń gba ìròyìn ìlú òkèèrè. Ó ń dùn mọ́ ọn, ó sì ń dùn ún.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé iwájú ilé aláwọ̀ ewé náà, Fáṣínà ti mọ̀ pé ilé rẹ̀ nìyẹn. Ó kàn súnmọ́ ọn díẹ̀.

Obìnrin arúgbó kan jókòó sórí àga kékeré ní ojúde, ó ń ṣa ẹja gbígbẹ sínú apẹ̀rẹ̀. Obìnrin mìíràn tó sígbọnlẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin. Fèrèsé ilé ṣí sílẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀. Ìyá àgbà náà gbójú sókè. Ó wo Fáṣínà, ó wo Sọ̀fíyàt. Ẹja tó mú lọ́wọ́ já bọ́. Ó wo fèrèsé, ó sì rọra tẹ̀ ba, ó mú ẹja rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ jókòó."

Ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń fi "ẹ" kí i yẹn.

Fáṣínà ṣàlàyé ohun tí wọ́n bá wá, àti ìpàdé àdúgbò tí wọ́n máa ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀. Ohùn Kabir dún láti inú ilé: "Màmá, àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ àdúgbò ni," ìyá dá a lóhùn. "Láti Ìkòròdú."

Sọ̀fíyàt ṣí ìwé rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ràn jù ní àdúgbò yìí, mà?"

"Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí ọ̀sà wá ní ìwọ̀n àsìkò yìí," ìyá dáhùn, ó ń ṣa ẹja rẹ̀ lọ. "Mo ní ẹnì kan tó máa ń jókòó tì mí, tí a jọ máa ń gbà á sára. Ó máa ń yọ ẹ̀gún ẹja kúrò lọ́nà mi kí ó má baà gún mi lọ́wọ́. Ọjọ́ ti pẹ́."

"Kí ló ń yọ yín lẹ́nu?"

"Àtẹ̀gùn etí omi. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀." Ó dúró kí Sọ̀fíyàt kọ ọ́ tán. "Èyí tí mo fẹ́ sọ tẹ̀lé e, ẹ má kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀nà Ìkòròdú kò jìn. Àwọn ẹlẹ́ja ń lọ láàárọ̀, wọ́n ń bọ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ń gbé mi, ọkọ mi ni kò jẹ́. Nísinsìnyí tí ọkọ ti lọ, ẹsẹ̀ ni kò gbé mi mọ́. Bí ẹ bá padà débẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe pé mo gbàgbé."

Fáṣínà yíjú sí ọ̀nà omi. Obìnrin tó ń lé eṣinṣin, Lateefat tí gbogbo àdúgbò ń sọ, dáwọ́ dúró.

Ó ku ìbéèrè kan. Sọ̀fíyàt ṣí ojú ìwé kejì, ó bèèrè rẹ̀. "Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta lẹ máa ń sáré tọ̀ lọ, mà?"

"Ọmọ mi yìí." Ìyá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Lateefat. "Gbogbo àdúgbò ló ń tọ̀ ọ́ wá. Ẹnì kan ló jọ."

Wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ti ń kúrò ní ojúde nígbà tí ìyá tún sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé o ti jẹun?"

Sọ̀fíyàt kò lè yíjú padà. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nínú pálọ̀, ẹnì kan pa rédíò.

Wọn ò tíì dé ìkóríta tí Lateefat fi sáré lé wọn bá. Ó dúró síwájú Sọ̀fíyàt, ó ń mí gùlegùle.

"Ta ni yín?"

"Sọ̀fíyàt."

"Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í jẹ́ ká pe orúkọ rẹ̀ nílé wa." Ojú rẹ̀ le. "Ẹ mọ ọ̀nà ibí yìí láti ọjọ́ yìí wá? Àná kọ́ ni wọ́n la ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ o. Ìyá mi ń jókòó kọjú sí títì lójoojúmọ́, mo rò pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbà."

Sọ̀fíyàt sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹjọ òkú fún un, àti ohun tí Kabir wí lẹ́nu ọ̀nà. Lateefat kò mọ̀ sí i. Ilé ọkọ ló ti wá sí òkú nígbà náà, ẹ̀yìnkùlé ló sì ti ń dáná fún àlejò lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí Sọ̀fíyàt kò retí: "Ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ta ló máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Ìwọ ni."

"Èmi bí i ta ni?"

"Gbogbo ilé tí a dé ló dárúkọ rẹ, kò ku ọ̀kan. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn, ká wá ẹni tí àdúgbò ti yàn kí àwa tó dé. Èmi kọ́ ni mo máa ṣíwájú níbí."

Lateefat wò ó lójú, ó wò ó pẹ́. "Ẹ jọ màmá bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀," ó ní, ó sì padà.

Bí ọgọ́ta èèyàn ló wá sí ìpàdé, ní gbangba etí omi, lábẹ́ àtíbàbà. Òfin Ìbídùnní ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn èèyàn sọ òtítọ́ fún òun kò gbọdọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ fún wọn. Sọ̀fíyàt ló máa ṣí ìpàdé. Ó rí Kabir ní ìlà kẹta, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó bọ́ ìborùn sí èjìká.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará àdúgbò. Èmi ni Sọ̀fíyàt Oyèdèjì. Lásùnwọ̀n, Ìkòròdú, ni mo ń gbé. Ọmọ Àáfà Salman ni mí, ní òpópónà yìí."

Ariwo kékeré gba abẹ́ àtíbàbà. Kabir dìde. Sọ̀fíyàt rò pé ó ń lọ ni, ó sì di tábìlì iwájú rẹ̀ mú.

"Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn la wá gbọ́," Kabir sọ fún àwọn èèyàn. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ." Ó sì jókòó.

Sọ̀fíyàt ka ohun tí àwọn ojúlé sọ, kò fi tirẹ̀ kún un. Ó wá pe Lateefat. Lateefat kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ lóòótọ́. Ó na ìka sí àwọn ọlọ́kọ̀, ó na ìka sí àwọn bíríkìlà, ó bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ohun tó máa ṣe. Kí òòrùn tó yẹ̀, wọ́n ti fẹnu kò pé àtẹ̀gùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n ti yan èèyàn márùn-ún tó máa gbé ìwé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, Lateefat sì ni olórí wọn.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń tú ká, Kabir wá dúró níwájú Sọ̀fíyàt. Kò wo ojú rẹ̀.

"Bàbá ní kí o má wọ inú ilé. Mo fi Kùránì búra fún wọn."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣùgbọ́n ojúde kì í ṣe inú ilé." Ó sì lọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé tó bá parí oṣù, Sọ̀fíyàt ń wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Á jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ojúde láti àárọ̀ títí dé ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, Oyèdèjì bá a lọ, ìyá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́. Ní Lásùnwọ̀n, àwọn onílé gbà kí ayálégbé wọ ìpàdé, wọ́n fi Sọ̀fíyàt ṣe akọ̀wé. Kì í ṣe pé gbogbo wọn fẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú wọn kì í dá a lóhùn títí di òní. Fáṣínà náà kó àwọn awakọ̀ ojú omi Ìjẹ̀dẹ́ jọ, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń dákẹ́ kí èkejì sọ̀rọ̀ tán, ó sì sọ fún Sọ̀fíyàt lórí fóònù pé iṣẹ́ náà ń pa òun. Ìjọba ìbílẹ̀ kò dá ìwé àtẹ̀gùn lóhùn lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n kó òkúta wá, àwọn ará àdúgbò sì mọ àtẹ̀gùn náà fúnra wọn.

Òjò oṣù keje bá wọn ní ojúde lọ́jọ́ kan. Kò ṣú dẹ̀dẹ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Sọ̀fíyàt dìde láti gbé ìyá rẹ̀ wọlé, ó sì rántí ìbúra Kabir, ó dúró. Kabir jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ wọlé. Òjò ń pa yín."

"Mo ń jókòó pẹ̀lú ọmọ mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Bó bá wọlé, màá wọlé."

Òjò le sí i. Omi ń ṣàn láti orí ìyá àgbà náà wá sí ọrùn, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kabir dúró síbẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Sọ̀fíyàt rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, kò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde sínú òjò, ó di ìyá mú lápá kan. Láìwo Sọ̀fíyàt, ó ní, "Di apá kejì mú."

Báyìí ni Sọ̀fíyàt ṣe wọlé.

Kò mọ ibì kankan nínú ilé náà mọ́. Wọ́n ti fi táìsì sí ilẹ̀ pálọ̀. Yàrá tí òun àti Lateefat ń sùn ti di ibi tí wọ́n ń kó àpò símẹ́ńtì sí, wọ́n sì ti fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé tó kọjú sí omi. Fọ́tò bàbá rẹ̀ wà lára ògiri, ó ti dàgbà ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó dúró sáàárín pálọ̀, omi ń kán lára rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ohun tó ti ń fẹ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti bá ọdún lọ.

"Jókòó," ìyá rẹ̀ sọ.

Lateefat mú aṣọ ìnura wá. Sọ̀fíyàt gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó tú gèlè tó ti tutù kúrò lórí rẹ̀. Irun dúdú ló mọ̀ kẹ́yìn níbẹ̀, irun tó máa ń bá a dì ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Funfun ni gbogbo rẹ̀ báyìí, ó sì fẹ́lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún díẹ̀díẹ̀, láti iwájú dé ìpàkọ́. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, ó sì ń nù ún lọ, kò fẹ́ kó tètè gbẹ.